Iná LED lórí ẹ̀fọ́: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó wa ní Àbújá

Ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ oòrùn kí ẹ tó wá máa fowó ra ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ sílé ní Kubwa, Lugbe tàbí Gwarinpa gbọ́ nìyẹn, nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Mo kó tẹ̀tẹ̀ àti létúùsì wọ yàrá ẹ̀yìn, mo fi aṣọ dí fèrèsé, mo wá ń tan iná LED oníwátì 100 fún wákàtí 16 lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yúníìtì 1.6 lójúmọ́ nìyẹn, 48 lóṣù. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná jù lọ, dé ₦225 fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó di ₦10,800 lóṣù, láìka omi, láìka ajílẹ̀. Lórí tẹ̀tẹ̀! Tẹ̀tẹ̀ tó fẹ́ràn oòrùn gan-an, tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó nǹkan bí 2,000 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀ fún irúgbìn; iná tí wọ́n sábà ń lò fún létúùsì nínú yàrá kì í ju nǹkan bí 200 sí 300 lọ. Àwọn arìnrìn-àjò òfurufú tó wà lókè lọ́hùn-ún ní ibùdó òfurufú àgbáyé (ISS), tí wọ́n jẹ létúùsì pupa tí wọ́n gbìn lábẹ́ iná LED ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, kò ní ẹ̀yìnkùlé tí wọn ì bá gbìn ín sí. Àwa ní i.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ẹ tó já ewé ni iná náà ti ń ṣiṣẹ́ tó tó owó rẹ̀. Ewé kì í dédé ṣe èròjà tó ń ṣe wá lóore. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá le lára rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun tí yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dé akẹtẹ̀ nínú oòrùn. Anthocyanin tó ń mú létúùsì pọ́n wà lára wọn. Àwa ni a wá ń jẹ akẹtẹ̀ náà. Létúùsì pupa tó dàgbà lábẹ́ ìbòòji, tí a wá fi sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa àti búlúù fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, máa ń pọ́n dẹ̀ẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré jẹ́ yúníìtì 9.6. Ní iye tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ₦2,160 ni.

“Ẹ̀gbọ́n, tó bá ti lè tan elésè àlùkò, ó ti parí nìyẹn.” Ohun tí ọmọkùnrin tó ta gílóòbù àkọ́kọ́ fún mi wí nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Kò parí rárá. Elésè àlùkò kàn ń fi hàn pé pupa àti búlúù wà níbẹ̀ ni, kò sọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ẹ ka ara páálí rẹ̀: búlúù tó sún mọ́ nanomita (òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) 450 àti pupa tó sún mọ́ 660 ni kí ẹ máa wá. Bó bá jẹ́ lumen nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ojú èèyàn ni wọ́n fi lumen wọ̀n fún, ojú wa sì ń rí àwọ̀ ewéko ju gbogbo àwọ̀ yòókù lọ. PPFD, òṣùwọ̀n tí mo mẹ́nu bà lókè, ni ti irúgbìn. Pupa nìkan máa ń mú kí ewé ga tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì rọ̀. Búlúù àpọ̀jù kì í jẹ́ kó fẹ̀. Ẹ̀sùn mìíràn tí mo ní sí elésè àlùkò ni pé èèyàn kì í rí àìsàn lábẹ́ rẹ̀: ewé ti lè máa di aláwọ̀ ìyeyè, kòkòrò ti lè bo ìdí rẹ̀, kò ní hàn. Iná funfun tí wọ́n fi pupa kún ni mo ń lò báyìí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ìyá tó rò pé iná lè fi irin (iron, èròjà tó ń ṣèrànwọ́ fún ẹ̀jẹ̀) sínú ẹ̀fọ́ fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Kò lè ṣe é. Irin àti zinc, inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń fà wọ́n. Bí ilẹ̀dú inú garawa yín bá ti ṣá, ẹ tan iná títí di ọdún tó ń bọ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ní dé inú ewé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má sì torí èyí da yùríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ bò ó. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kéré, nitrate, èròjà tí irúgbìn ń rí nínú ajílẹ̀ tí àpọ̀jù rẹ̀ kò dára fún wa, á máa kó jọ sínú ewé, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń yí i padà sí oúnjẹ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí jíjá ewé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó ti rí ìmọ́lẹ̀ gbogbo ọjọ́, fi sàn ju kí a já a ní kùtùkùtù òwúrọ̀.

Ẹ má tan iná mọ́jú lórí tòmátì. Ewé rẹ̀ á di aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ má sì tẹjú mọ́ iná tó ní UV (ìtànṣán tí ojú kì í rí, tó lè ba ojú jẹ́), ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku inú ilé ìdáná. Fítámì C, tí ìmọ́lẹ̀ ń mú kí ewé ṣe sí i, máa ń yọ́ sínú omi, ooru sì ń pa á. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan tan iná lórí ẹ̀fọ́, tó wá bọ̀ ọ́, tó fún un, tó da omi rẹ̀ nù, ti da apá kan owó iná rẹ̀ sínú gọ́tà. N kò ní kí ẹ má bọ ẹ̀fọ́ o. Omi gbígbóná ń fa nitrate náà jáde, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì lè jẹ ẹ̀fọ́ tí a kò bọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀fọ́ tí ẹ máa bọ̀, ẹ fi í sínú oòrùn. Carotene tó ń di fítámì A nínú ara wa kì í bá omi lọ bẹ́ẹ̀, epo pupa tí ẹ sì máa fi sè é á tún jẹ́ kí ara gbà á dáadáa.

Tẹ̀tẹ̀ tèmi ti padà sẹ́bàá ògiri níta. Létúùsì pupa àti ẹfinrin tí à ń já sórí oúnjẹ ní tútù nìkan ló kù lábẹ́ iná, ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà. Nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ la máa ń já wọn, alẹ́ ọjọ́ náà la sì máa ń jẹ wọ́n.