Àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn tó fẹ́ di dietitian ní Ìlú Ọba

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pè mí lóru, ẹkún ló ń sun. Ó ti parí Másításì lórí nutrition. Ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tà tó fi san owó rẹ̀. Gbogbo ọsibítù NHS (ọsibítù ìjọba Ìlú Ọba) tó kọ̀wé sí fún iṣẹ́ dietitian, ìyẹn ẹni tó ń fi oúnjẹ tọ́jú aláìsàn, ló ń béèrè nọ́ńbà HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn dietitian sílẹ̀, kò sì ní in. Ìwé tó kà kò lè bá a gbà á. Ó dùn mí wọra, torí èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn.

1. Ẹ má pa dietitian pọ̀ mọ́ nutritionist, ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Ní Ìlú Ọba, òfin ló ń ṣọ́ orúkọ dietitian: ẹni tí kò bá sí nínú ìwé HCPC kò gbọdọ̀ fi pe ara rẹ̀. Òfin kankan kò ṣọ́ nutritionist.

2. Ẹ má sanwó ilé-ìwé torí orúkọ kọ́ọ̀sì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Human Nutrition, Public Health Nutrition, Clinical Nutrition pàápàá: ẹ lè gba Másításì nínú gbogbo wọn kí ẹ má di dietitian. Èyí tí HCPC fọwọ́ sí máa ń tó ọdún méjì fún ẹni tó ti ní dìgírì, ìkọ́ṣẹ́ nínú ọsibítù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń wò ó bóyá ẹ ti ka physiology àti biochemistry tó. HCPC ti to gbogbo wọn sórí ìkànnì rẹ̀. Agent kọ́ lẹ ó bi. Iye ọmọ tó bá kó wọlé ni ilé-ìwé fi ń sanwó fún un. Mo bi tèmi n'Íbàdàn, ó ní, "Ọ̀kan náà ni wọ́n, àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọ̀kan náà kọ́ o! Mo ka ọdún kan tán, mo wá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó kí n tó rówó wọ èyí tó yẹ kí n ti wọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Sísanwó fún BDA kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC. Ẹgbẹ́ àwọn dietitian Ìlú Ọba ni BDA.

Kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: rárá.

Ẹ má sì fi ìmọ̀ràn ẹbí tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ ibí. Láti January 2024 ni Másításì ti di dandan kí èèyàn tó jókòó ṣe ìdánwò RD, ìdánwò dietitian tiwọn, lọ́hùn-ún. Dìgírì àkọ́kọ́ tí HCPC fọwọ́ sí tó níbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka dietetics ní Nàìjíríà, tẹ́ ẹ sì ti kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, kí ló ń lé yín tí ẹ fi ń ra Másításì mìíràn? Ẹ lè kọ̀wé sí HCPC tààrà láti ilé. Wọn yóò wo ohun tí ẹ kà àti wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ gba ìbuwọ́lù ọ̀gá yín kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀gá ọ̀rẹ́ mi kan ti fẹ̀yìn tì kó tó rántí. Oṣù méje ló fi wá a.

Èmi àti àbúrò yẹn jọ wo àtòkọ HCPC lálẹ́ ọjọ́ náà. Kọ́ọ̀sì tó kà kò sí níbẹ̀. Ti yunifásítì kejì, nínú ìlú kan náà, wà níbẹ̀.