Bí Òbí Ṣe Lè Gbé Ewu àti Àǹfààní Abẹ́rẹ́ Èéyi Yẹ̀ Wò

Ìfẹ́ ọmọ ló sábà máa ń mú kí òbí ṣiyèméjì lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi, n kò sì rí ẹ̀bi nínú rẹ̀. Ibi tí ìṣirò ti máa ń dàrú ni pé ewu abẹ́rẹ́ nìkan ni à ń kà, bí ẹni pé ọmọ tí kò gbà á kò sí nínú ewu kankan. Ẹ mú tákàdá kan, ẹ fa ìlà sí i láàárín, kí ẹ kọ ewu abẹ́rẹ́ sí apá kan àti ewu àrùn sí apá kejì.

Ní apá abẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́ pé ojú ibi tí wọ́n gún lè wú, ara ọmọ sì lè gbóná ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà. Ibà yìí lè di gìrì fún nǹkan bí ọmọ kan nínú 3,000. Ó máa ń ba òbí lẹ́rù gan-an, àmọ́ kì í sábà fi àbùkù sílẹ̀. Kí ara kọ abẹ́rẹ́ débi tí èémí yóò fi há ṣọ̀wọ́n púpọ̀, kíákíá ló sì máa ń hàn, nítorí náà ẹ jókòó sí ilé ìwòsàn fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó máa lọ.

Ní apá àrùn, bí ẹni tó ní èéyi bá wà láàárín ènìyàn 10 tí kò ní ààbò, nǹkan bí 9 ni yóò kó o. Nínú 1,000 ọmọ tó bá ṣe é, ọpọlọ nǹkan bí ẹyọ kan máa ń wú. Ó ń fa òtútù àyà, ó ń ba etí àti ojú jẹ́, ó sì ń pa ọmọ, pàápàá ọmọ tí kò rí oúnjẹ aṣaralóore jẹ. Bí ìyá àgbà bá sọ pé gbogbo ọmọ òun ló ṣe èéyi tí wọ́n sì yè é, ẹ má ṣe bá a jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Ẹ rọra béèrè bóyá ó rántí ilé kan ládùúgbò tí ọmọ wọn kò yè é. Mo ka ìbéèrè yẹn sí pàtàkì gan-an.

Ẹ tún wo ìrìn ọmọ yín. Èéyi lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹni tó ní i ti jáde, nítorí náà ọmọ tí ẹ ń pọ̀n lọ sí ọjà Òkè-Àje, tàbí tí ẹ óò gbé lọ sí ilé ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí ará ilé àti àlejò bá kún fún Ojúde Ọba, kò jìnnà sí àrùn bí ẹ ti rò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ààbò fi ń múlẹ̀ lára. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ Iléyá.

Bí ara ọmọ bá ti kọ abẹ́rẹ́ gidigidi rí, tàbí tí àìsàn tàbí oògùn kan ti dín agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà kù, ẹ sọ ọ́, kí dókítà pinnu. Ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ díẹ̀ kò tó ìdí láti sún un síwájú.

Ní Nàìjíríà, oṣù 9 ni ọmọ ń gba ti àkọ́kọ́, tó ń dáàbò bo nǹkan bí 85 nínú 100. Oṣù 15 ni èkejì, tí ọ̀pọ̀ ìyá ń gbàgbé nítorí pé ọmọ ti ń rìn. Bí ìlà kan nínú tákàdá yín kò bá tíì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú un dání pẹ̀lú káàdì ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ kí ó tó fa abẹ́rẹ́.