Láptọ́ọ̀pù Tí Kò Tàn Mọ́ Lẹ́yìn Update BIOS: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ilé àti Ṣọ́ọ̀bù

Update BIOS dé ìdajì, wọ́n mú iná lọ, bátìrì tó ti rẹ̀ kò sì lè gbé e dé ìparí. Tàbí ẹnìkan rí i pé ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó rò pé ó ti há, ó tẹ bọ́tìnì, ó pa á. Láti ìgbà náà, tí ẹ bá tan án, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tàn, fáànù á yí díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ á dúdú bí èédú. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ni pé bọ́ọ̀dù ti jó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò jó. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣeé jí pẹ̀lú fláàṣì USB kan péré, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fi ìwàǹwára ba ohun tó ṣẹ́kù jẹ́.

BIOS ni ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Òun ló ń yẹ RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) wò, òun ló ń tan ojú ẹ̀rọ, òun náà ló ń wá ibi tí Windows wà. Kò sí lórí dísíkì rárá. Inú ṣíìpù kan tó kéré ju èékánná lọ ló wà, lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí fífọ́ọ̀màtì Windows kò fi lè wo àìsàn yìí. Ó tiẹ̀ lè mú un burú sí i, nítorí pé lórí ọ̀pọ̀ HP àti Dell, ẹ̀dà BIOS kan wà ní apá ìkọ̀kọ̀ lórí dísíkì, tí wọ́n fi pamọ́ de irú ọjọ́ báyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọ́ọ̀màtì dísíkì ti da oògùn nù kó tó mọ̀ pé òun nílò rẹ̀.

Ẹ fi í sílẹ̀ ná

Update BIOS kì í parí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ lè pa ara rẹ̀ kó sì tún tan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí fáànù máa pariwo, kí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí BIOS tuntun bá wọlé tán, ó ní láti tún RAM mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí náà sì ń gba àkókò. Ẹ ki ṣájà bọ ìdí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 gbáko, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn EliteBook tó ní HP Sure Start ní ẹ̀dà BIOS mìíràn tí wọ́n ń tọ́jú sórí bọ́ọ̀dù. Wọ́n lè wo ara wọn sàn bí a bá fún wọn láyè. Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń dá ìwòsàn náà dúró.

Ṣé BIOS ló kú lóòótọ́?

Bí àmì HP, Dell tàbí Lenovo bá ṣì ń yọ lójú ẹ̀rọ, BIOS wà láàyè. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé update ti da ètò inú rẹ̀ padà sí bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, kò sì bá bí wọ́n ṣe gbé Windows sórí dísíkì mu mọ́. Ẹ tan án, kí ẹ máa tẹ F10 léraléra lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad ti Lenovo, títí ẹ ó fi wọ inú BIOS. Bí ẹ̀rọ bá ń sọ pé òun kò rí ibi tí òun ó ti gbéra, ẹ wo ọ̀nà tí BIOS fi ń gbé Windows dìde, bóyá UEFI (ọ̀nà tuntun) ló wà tẹ́lẹ̀ tó wá di Legacy (ọ̀nà àtijọ́), tàbí Legacy tó wá di UEFI. Bí Windows bá ń gbìyànjú tó sì ń já sí ojú búlúù tí wọ́n kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE sí, ibi tí wọ́n ń pè ní SATA Operation (bí BIOS ṣe ń bá dísíkì sọ̀rọ̀) ni kí ẹ lọ: bó bá wà lórí AHCI, ẹ gbé e sórí RAID On, bó bá wà lórí RAID On, ẹ gbé e sórí AHCI. Èyí kò gbọdọ̀ ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí ojú ẹ̀rọ bá dúdú pátápátá, ẹ ka bí iná ṣe ń ṣẹ́jú. Lórí ọ̀pọ̀ HP tó ti pẹ́ díẹ̀, iná Caps Lock ló ń sọ̀rọ̀: bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, tó sinmi, tó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, BIOS ló bàjẹ́; bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, RAM ni. Lórí Dell Latitude, iná bátìrì ni kí ẹ wò. Á kọ́kọ́ ṣẹ́jú ní àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà ní funfun. Ọsàn 2, funfun 2: bọ́ọ̀dù tàbí BIOS. Ọsàn 2, funfun 3: kò rí RAM. Ọsàn 3, funfun 3: ó wá ẹ̀dà BIOS tó fẹ́ fi wo ara rẹ̀, kò rí i. Ọsàn 3, funfun 4: ó rí ẹ̀dà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà náà kò péye. Ẹ gbé fóònù, kí ẹ ya fídíò rẹ̀, nítorí pé ojú máa ń tanni jẹ nínú kíkà.

Fífa agbára tó há sínú rẹ̀

Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà ní ojú USB. Bí bátìrì bá jẹ́ èyí tó ń yọ, ẹ yọ ọ́. Bó bá wà nínú, ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹ fa okùn bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Bí ẹ bá rí bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, tí wọ́n kọ CR2032 sí lára, ẹ yọ òun náà fún ìṣẹ́jú 10. Lórí láptọ́ọ̀pù ó sábà máa ń wà nínú rọ́bà dúdú pẹ̀lú wáyà pupa àti dúdú. Àwọn ẹ̀rọ tuntun kan kò ní in rárá. Ẹ dá ti owó ẹyọ yẹn padà, ẹ fi ṣájà nìkan tan ẹ̀rọ.

Èyí kì í tún BIOS tó bàjẹ́ ṣe o. Ohun tó ń jí ni ṣíìpù kejì tó ń ṣàkóso agbára àti kíbọ́ọ̀dù, tó máa ń há nígbà tí update bá já lójijì. Ó tó ohun tí èèyàn ń gbìyànjú, kì í sì í sábà ba nǹkan jẹ́.

HP: Windows àti B

Ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ àti fláàṣì USB tí kò ju 32GB lọ, nítorí FAT32 (irú fọ́ọ̀màtì kan) ni yóò jẹ́. Ẹ lọ sí ojúlé HP fúnra rẹ̀, ẹ gba BIOS ẹ̀rọ yín gan-an. Kì í ṣe «EliteBook 840» lásán: G3 kì í ṣe G5. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ wá a. Ẹ ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà kejì. Bó bá bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, Create Recovery USB flash drive ni kí ẹ yàn, kí ẹ má yàn Update, kó má baà di kọ̀ǹpútà méjì.

Ẹ ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, ẹ ki ṣájà, kó wà ní pípa. Ìka kan lórí bọ́tìnì Windows, ìka kejì lórí B, ẹ di méjèèjì mú. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná fún ìṣẹ́jú-àáyá 2 sí 3, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí Windows àti B wà ní títẹ̀ síbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iná ìtanná á wà ní títàn, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 40, ẹ sì lè gbọ́ kó dún «píì». Ẹ má yọwọ́ títí ojú HP BIOS Update yóò fi yọ. Láti ibẹ̀ ó di ti ara rẹ̀. Bí kò bá yọ, ẹ gbé fláàṣì lọ sí ojú USB mìíràn, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbà pé kò ṣeé ṣe. Kíbọ́ọ̀dù tí B rẹ̀ ti kú wà nínú ohun tó ń fa ìjákulẹ̀ yìí. Ẹ ki kíbọ́ọ̀dù USB olókùn bọ ọ́, kí ẹ fi gbìyànjú.

Dell: Ctrl àti Esc

Ti Dell yàtọ̀: ṣájà gan-an ló ń jí i. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ̀rọ wà ní pípa. Ẹ di Ctrl àti Esc mú, kí ẹlòmíràn ki ṣájà bọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má jọ̀wọ́ wọn títí ojú BIOS Recovery yóò fi yọ. Bí dísíkì bá ṣì wà níbẹ̀ láìfọ́ọ̀màtì, ó lè rí ẹ̀dà tirẹ̀ kó lò ó. Bí kò bá sí, ẹ gba BIOS ẹ̀rọ náà sórí fláàṣì FAT32, ẹ yí orúkọ fáìlì padà sí BIOS_IMG.rcv. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó má sì sí nínú fódà kankan. Windows máa ń fi .exe pamọ́, bí ẹ kò bá ṣí i síta kí ẹ tó yí orúkọ, á di BIOS_IMG.rcv.exe láìjẹ́ pé ẹ rí i, ẹ̀rọ kò sì ní dá a mọ̀. Àwọn Dell tó jáde láti ọdún 2016 síwájú ló sábà ní ètò yìí.

Ní ti Acer, Fn àti Esc ni wọ́n sábà máa ń dì mú. Lórí ọ̀pọ̀ ThinkPad, ihò kékeré kan wà lábẹ́ ikùn rẹ̀ tí a lè fi irin tín-ín-rín tẹ̀, ṣùgbọ́n fífa agbára nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn BIOS.

Bó bá di ti ṣíìpù

Ẹni tí kò tíì tú láptọ́ọ̀pù rí kó má fi ti ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ mọ ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ṣe, kó lè bi í léèrè.

Ṣíìpù náà dúdú, ó ní ẹsẹ̀ 8, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Lára rẹ̀ ẹ ó rí 25Q64, 25Q128 tàbí 25Q256: 8MB, 16MB, 32MB nìyẹn. Ní igun kan, ààmì róbótó kékeré wà. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ ni wáyà pupa tó wà lára kílíìpù tí wọ́n fi ń gbá ṣíìpù mú láti kà á gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà. Lórí ti Winbond, FV tàbí JV ń lo fólítì 3.3, FW tàbí JW ń lo 1.8. Ẹni tó bá fi 3.3 sórí ti 1.8 lè pa ṣíìpù náà pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn CH341A (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ka ṣíìpù, tí wọ́n sì fi ń kọ nǹkan sí i) dúdú olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé fólítì 5 lọ sí ojú ọ̀nà dátà. Ti 1.8 nílò adápítà tirẹ̀.

Kí wọ́n tó di kílíìpù mọ́ ọn, ṣájà, bátìrì ńlá àti CR2032 gbọ́dọ̀ ti kúrò. Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n fi méjèèjì wéra (flashrom ni ètò tó ń ka ṣíìpù):

flashrom -p ch341a_spi -r kika1.bin
flashrom -p ch341a_spi -r kika2.bin
cmp kika1.bin kika2.bin

Bí cmp kò bá sọ nǹkankan, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n bá yàtọ̀, tàbí tó jẹ́ FF (òfo) ló kún ibẹ̀, kílíìpù kò dì í mú dáadáa. Kí wọ́n má tíì kọ ohunkóhun sí i. Fáìlì àkọ́kọ́ yìí, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹ̀rọ yín wà, inú rẹ̀ náà ni nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti nọ́ńbà àṣẹ Windows rẹ̀ sábà máa ń wà. Fáìlì tí a gbà ní ojúlé ilé-iṣẹ́ kì í ṣe odindi ohun tó ń gbé inú ṣíìpù, nítorí náà a kì í dà á lé e lórí bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á yọ BIOS tó pé láti inú rẹ̀, á fi rọ́pò apá tó bàjẹ́ nínú fáìlì yín, kó tó kọ ọ́ padà. Ẹni tó kàn wá fáìlì ẹ̀rọ ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè mú kó tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlòmíràn, nígbà mìíràn pẹ̀lú páásìwọ́ọ̀dù BIOS ẹlòmíràn. Bí oníṣẹ́ bá ní kí ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù kó tó ka ṣíìpù yìí, ẹ gbé ẹ̀rọ yín.

Ohun tó ń fà á

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ sábà máa ń dé pẹ̀lú bátìrì tó ti gbó. Dell kì í gbà kí update bẹ̀rẹ̀ bí bátìrì kò bá tó 10%, àwọn kan sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àṣẹ /forceit fipá mú un. Wọ́n mú iná lọ nìkan ló kù. Bí bátìrì kò bá lè gbé ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 30, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì, UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé e bí iná bá lọ) ni tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò tó: epo lè tán, ẹlòmíràn lè pa á.

Bó bá jí

Ẹ tún déètì àti àkókò tò kí ẹ tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Déètì tí kò tọ́ ló ń mú kí ojúlé wẹ́ẹ̀bù máa kọ̀ láti ṣí. Windows sì lè béèrè nọ́ńbà onídíjíìtì 48 ti BitLocker (àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíkì), nítorí pé BIOS tó rí kì í ṣe èyí tó mọ̀. Ó máa ń béèrè rẹ̀ pàápàá bí wọ́n bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ fi ímeèlì tí ẹ fi ṣí Windows wọlé, kí ẹ fi Key ID tó wà lójú ẹ̀rọ wá nọ́ńbà tó bá a mu. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ibi iṣẹ́, ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni nọ́ńbà náà wà. Bí kò bá sí níbì kankan, a lè fọ́ọ̀màtì dísíkì kí ẹ̀rọ padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tó lè ṣí ohun tó ti wà lórí rẹ̀.