Alpha yín ò gbéra, ẹ tún ti dé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìwé ìbéèrè tí ò fẹ́ dúró

Àwọn tó mọ̀ mí ní Akoka mọ̀ pé dátà ni mò ń bá èèyàn tú, ètò ìṣirò yòówù kó jẹ́, SPSS, R, jamovi, èyí tẹ́ ẹ bá gbé wá. Tó bá ti di àsìkò tí wọ́n ń fi pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ báyìí WhatsApp mi ò ní sinmi mọ́, ìbéèrè kan náà ni, ẹnu tó ń bi í ló ń yàtọ̀. Alpha ló pọ̀ jù níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wò ó bóyá àwọn ìbéèrè inú ìwé ìbéèrè kan ń bára wọn rìn, 1 ni òkè ẹ̀. Ó ti sú mi láti máa dáhùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti kó o jọ síbí, ẹni tó bá tún bi mí, ibí ni màá ní kó wá kà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, alpha mi jáde pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú. Ṣé SPSS mi ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Ẹ ò yí àwọn ìbéèrè tó kọ ẹ̀yìn sí ìyókù padà ni. Tó bá jẹ́ 1 dé 5 lẹ lò, ẹ yọ nọ́ńbà tí wọ́n mú kúrò nínú 6, 5 á di 1, 4 á di 2. Tó bá jẹ́ 1 dé 4, inú 5 lẹ ti máa yọ ọ́. Ó tán.

Ìbéèrè: Tèmi ò ní àmì ìyọkúrò, àmọ́ 0.42 ni.

Ẹ wò ó bóyá 99 tẹ́ ẹ kọ síbi tí wọn ò dáhùn ṣì wà nínú ẹ̀ tí SPSS ń kà á mọ́ nọ́ńbà gidi. Ẹ wò ó bóyá ẹ kó ọjọ́ orí àti "ọkùnrin tàbí obìnrin" mọ́ ọn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ mò ń rí i. Ẹ wò ó bóyá apá B, apá D àti apá E lẹ dà pọ̀ lójú kan, tó sì jẹ́ pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Apá kọ̀ọ̀kan ló ní alpha tiẹ̀. Tí gbogbo èyí bá mọ́ tó ṣì jẹ́ 0.42, á jẹ́ pé àwọn ìbéèrè yẹn ò mọ ara wọn rí, kì í ṣe ẹjọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè: Bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi dáhùn tèmi. Súpáfáísọ̀ ní kí n lo KR-20, mi ò rí i nínú SPSS.

Kuder àti Richardson ló gbé e jáde ní 1937. Tẹ́ ẹ bá ti fi 0 àti 1 kọ ìdáhùn sílẹ̀, alpha tí SPSS bá fún yín, KR-20 náà nìyẹn. Ẹ yé wá bọ́tìnnì kiri.

Ìbéèrè: Alpha mi 0.82. Ṣé validity ti wà nìyẹn?

Rárá o. Alpha ò ṣe alfa, kò lè gbàdúrà fún ìwé ìbéèrè yín kó gbà. Ẹni tó bi mí ní èyí, ìbéèrè 40 ló wà nínú ìwé ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ìbátan tó wà láàárín ìbéèrè kan sí òmíràn jẹ́ 0.1 péré tẹ́ ẹ bá pín gbogbo ẹ̀ dọ́gba, ìyẹn ni pé wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọra, ìbéèrè 10 á fún yín ní alpha bíi 0.53. Ẹ sọ wọ́n di 40 láì tún ọ̀kankan ṣe, ó di 0.82. Gígùn ìwé ló gbé e sókè. Kì í ṣe àṣírí o, iye ìbéèrè wà gbangba nínú fọ́múlà tí Cronbach kọ̀wé lé lórí ní 1951.

0.70 tí wọ́n ní alpha gbọ́dọ̀ tó, tẹ́ ẹ ń bú ara yín lé lórí yẹn náà, ọ̀rọ̀ Nunnally ní 1978 ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí, ìwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló sì ní ó tó fún. Níbi tí wọ́n bá ti máa fi èsì pinnu nǹkan lórí èèyàn kan, ó ní 0.90 gan-an ló kéré jù. Ìyẹn ò sí nínú pírójẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni tí mo rí.

Validity wá ńkọ́? Ẹ rántí kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí ẹ̀ wọnú. Ẹ fi wọn gààrí nígbà mẹ́wàá, iye kan náà lẹ máa gbà, kò ní yẹ̀, wọ́n á sì rẹ́ yín jẹ nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bí iye yẹn ò ṣe yẹ̀ ni reliability. Bóyá ó pé kóńgò kan lóòótọ́, ìyẹn ni validity, alpha ò sì lè rí ìdí kóńgò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló máa kà á bóyá ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ já, factor analysis, ìṣirò tó ń wá ohun tó fara pamọ́ (factor) tó so àwọn ìbéèrè pọ̀, ló máa sọ bóyá wọ́n pín bẹ́ ẹ ṣe ní wọ́n pín, ẹ ó sì wò ó bóyá ó ń bá ohun tó yẹ kó bá rìn rìn, tí kò sì bá èyí tí kò kàn án rìn. "Súpáfáísọ̀ mi ti wò ó, ó ní ó dáa" kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Ìbéèrè: Tèmi 0.97! Ẹ bá mi yọ̀.

Mi ò yọ̀. Àbí ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ yí ẹnu ẹ̀ padà lọ́nà ogún, àbí àwọn tó dáhùn kàn fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ẹ wo ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹni tó bá mú 4 jálẹ̀, tó mú 4 fún "inú mi dùn síṣẹ́ mi" tó tún mú 4 fún "iṣẹ́ yìí ti sú mi", kò ka ìwé yín.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n lo omega dípò alpha, kí ni wọ́n ń wí?

Òótọ́ ni wọ́n ń wí. Alpha gbà pé agbára kan náà ni gbogbo ìbéèrè fi ń wọn nǹkan, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Omega ti McDonald jẹ́ kí kálukú ní agbára tiẹ̀. JASP àti jamovi ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ẹ kọ méjèèjì síbẹ̀.

Ìbéèrè: Factor mẹ́ta ni mo rò, SPSS fún mi ní mẹ́jọ.

Ẹ ti fi SPSS sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú ni. Bẹ́ ẹ bá ṣí i tí ẹ kàn tẹ OK, principal components ló máa ṣe, ìyẹn kì í ṣe factor analysis gidi, ẹ yí i sí principal axis. Lẹ́yìn náà ó máa mú gbogbo ohun tí eigenvalue ẹ̀ (ìwọ̀n ohun tó ṣàlàyé nínú dátà) bá ju 1 lọ, òfin Kaiser láti 1960, òfin yẹn sì máa ń pọ̀ ọ́ jù. Ẹ lo parallel analysis, Horn ti ṣe é láti 1965: kọ̀ǹpútà á ṣe dátà àdábọwọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, factor yín tí kò bá ju ti dátà òfìfo yẹn lọ, ẹ jù ú nù. Varimax náà, ọ̀nà tí wọ́n fi ń yí factor kó lè ṣeé kà, ẹ fi sílẹ̀, ó ń fi tipá ní kí àwọn factor má bá ara wọn tan. Àwọn nǹkan tó wà lọ́kàn èèyàn máa ń bá ara wọn tan, oblimin ni kẹ́ ẹ lò. Tí KMO, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá dátà yẹ fún factor analysis, bá sì wà nísàlẹ̀ 0.5, ẹ má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: CFA mi ò bá dátà mu. AMOS ní kí n máa fa ọfà olórí méjì láàárín àwọn error, súpáfáísọ̀ náà ní kí n fà á. Ṣé kí n fà á?

Ẹ fi ọfà sílẹ̀ ná, ẹ jókòó, èyí ló fojú mi rí màbo jù. CFA ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ factor tẹ́ ẹ rò, kí ètò bíi AMOS wá wò ó bóyá dátà gbà. Ọfà olórí méjì ń sọ pé ìbéèrè méjì tan ju bí factor ṣe sọ lọ.

Àbúrò kan tó ń ṣe másítà ló gbé tiẹ̀ wá, iṣẹ́ ẹ̀ dá lórí bí àwọn oníṣòwò Balogun àti Idumota ṣe fọkàn tán àwọn tó ń ṣe POS. Ìbéèrè 12, ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ máa wọ̀n, mẹ́rin nínú wọn wá jẹ́ èyí tí wọ́n fi "mi ò" kọ, bíi "Mi ò fọkàn tán àwọn tó ń ṣe POS." Alpha ò burú. Àmọ́ tó bá ti di CFA, pàbó. Nọ́ńbà méjì tó ń sọ bó ṣe bá dátà mu tó, CFI tó yẹ kó sún mọ́ 0.95, RMSEA tó yẹ kó sún mọ́ 0.06, bí Hu àti Bentler ṣe là á kalẹ̀ ní 1999, kò sí èyí tó dé tòsí. Modification indices, àwọn nọ́ńbà tó ń dábàá ibi téèyàn lè fa ọfà sí, sì ń nàka sí àwọn ìbéèrè mẹ́rin yẹn ṣáá, ó ní ká so wọ́n pọ̀. Ká fa ọfà mélòó kan, ọ̀rọ̀ á tán, ẹni tó ń kà á ò sì ní mọ̀. Àmọ́ ọfà téèyàn ò mọ ìdí tó fi fà á, irọ́ tó ní àwòrán ni.

Mo kọ́kọ́ fura sí yíyí padà, ó ti yí i padà dáadáa. Mo ní bóyá nítorí pé 1 dé 5 kì í ṣe nọ́ńbà gidi ni, ìpele lásán ni, mo bá gbé e lọ sí lavaan nínú R, mo lo WLSMV, ọ̀nà ìṣirò tó wà fún ìpele bẹ́ẹ̀, ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò wò. Mo pín in sí factor méjì, ìfọkàntán lọ́tọ̀, àìfọkàntán lọ́tọ̀, ló bá bára mu! Àbúrò mi ti ń yọ̀. Ìgbà tí mo wá wo ìbátan àárín factor méjèèjì, kò tó nǹkan rárá. Ẹ gbà mí, ẹni tó ní òun fọkàn tán oní-POS délẹ̀délẹ̀, ẹ ò wá lè mọ̀ látinú ẹ̀ bóyá á tún ní òun ò fọkàn tán an? Irú ọkàn wo nìyẹn? Ẹlòmíì á kọ ọ́ pé òun ti rí nǹkan tuntun. Èmi ò gbà.

Mo ní kó lọ kó ìwé tí wọ́n fọwọ́ máàkì wá, mi ò fẹ́ Excel mọ́. Ó gbé e dé nínú Ghana-must-go. Ẹni tó gba ìwé kọ̀ọ̀kan ni mò ń wá, torí èèyàn mẹ́ta ló bá a pín in lọ́jà, wọ́n sì kọ orúkọ sí igun ìwé. A fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún dátà, ẹni kìíní, ẹnì kejì, ẹnì kẹta, a wá wo ìbátan àwọn ìbéèrè náà lọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni méjì dáa, kò sí wàhálà. Ti ẹnì kẹta, àwọn ìbéèrè "mi ò" mẹ́rin yẹn di ara wọn mú gírígírí, àmọ́ wọn ò bá mẹ́jọ tó kù rìn rárá. Bẹ́ẹ̀ òun ló yára jù, òun ló gba ìwé jù, òun ni wọ́n tiẹ̀ ń yìn.

A pè é. Ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni níwèé ní tòun o, ta ló ráyè kàwé láàárín èrò Balogun, òun ń bi wọ́n lẹ́nu lédè Yorùbá ni, wọ́n ń dáhùn, òun ń máàkì. "Ìyá, ṣé ẹ ò fọkàn tán àwọn oní-POS?" Ìyá kan á ní, "Rárá o, ta ló ń fọkàn tán wọn!" Ó gbọ́ rárá, ó máàkì "mi ò gbà". Ìyá ṣọ́ọ̀bù kejì, èrò kan náà ló wà nínú tiẹ̀, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò fọkàn tán wọn." Ó máàkì "mo gbà". Ẹ ti rí i báyìí? Èèyàn méjì, ọ̀rọ̀ kan, àpótí méjì tó ta kora. Bí gbogbo wa ṣe ń dáhùn nílé nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣì wá gbọ́ torí a máa ń parí gbólóhùn wa, àmọ́ òun ò dúró gbọ́ ìparí gbólóhùn. Àwọn méjì tó kù, ìwé ni wọ́n fún ẹni tó lè kà, ẹni tí kò bá lè kà, wọ́n ka ìdáhùn márààrún jáde fún un kó mú ọ̀kan.

Kò sì ṣeé tún ṣe lórí láàpútọ́ọ̀pù. Tẹ́ ẹ bá yí gbogbo tiẹ̀ padà, àwọn tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ tún máa bà jẹ́. Àbúrò mi padà sọ́jà, ó bínú o, àmọ́ ó lọ. A tún mẹ́rin yẹn kọ láì sí "mi ò" níbẹ̀, irú bíi "Ẹ̀rù máa ń bà mí pé owó mi lè sọnù lọ́wọ́ oní-POS", a sì ní kí wọ́n máa ka ìdáhùn márààrún jáde fún gbogbo èèyàn. Dátà tuntun dé, factor kan, ó bára mu, kò sí ọfà kankan.

Torí náà kẹ́ ẹ tó fa ọfà, ẹ jẹ́ kí kọ́lọ́ọ̀mù ẹni tó gbà á wà nínú dátà yín, èdè tí wọ́n fi bi í, àti bóyá ẹnu ni wọ́n fi bi í àbí òun fúnra ẹ̀ ló kà á. Kẹ́ ẹ sì tó tẹ ìwé rẹpẹtẹ, ẹ ka gbogbo ẹ̀ sí àwọn mélòó kan létí nínú irú èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ bá lọ, ẹ ní kí wọ́n fẹnu ara wọn ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi mú èyí tí wọ́n mú.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ kí n pe ẹni tó mọ̀ ọ́n?

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀wé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní pè. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àwọn tó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì wé àwọn tó kà á ní Yorùbá, ẹ pe èèyàn, torí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé bákan náà ni ìwé ń wọn àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá rí loading (bí ìbéèrè ṣe so mọ́ factor tó) tó ju 1 lọ tàbí variance (bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó) tó ní àmì ìyọkúrò, ẹ pe èèyàn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn tó dáhùn ò pọ̀, tàbí ìbéèrè méjì péré lẹ fi sábẹ́ factor kan. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ nípa graded response model ti Samejima, 1969, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń ṣírò ìdáhùn onípele, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fi èèyàn 60 ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe èèyàn. Tó bá wá jẹ́ pé ilé ìwòsàn fẹ́ fi ìwé yẹn mọ ẹni tí ìbànújẹ́ ọkàn ti di àìsàn sí lára, YouTube ò tó o, èmi gan-an ò tó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, defence mi di ọ̀la. Ìbéèrè márùn-ún ló wà nínú ìwé mi, alpha ẹ̀ 0.58. Ẹ bá mi gbé e dé 0.70, mo máa sanwó.

Mi ò ṣe. Ẹ sì yé máa lé "alpha if item deleted" kiri tẹ́ ẹ fi ń gé ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, dátà tó wà níwájú yín yẹn nìkan lẹ ń tẹ́ lọ́rùn, ẹ gbé e fún ẹlòmíì á tún já wálẹ̀. Ẹ kọ 0.58 síbẹ̀, ẹ kọ confidence interval ẹ̀ (àlàfo tí alpha gidi lè wà) sí i, kẹ́ ẹ sì sọ pé ìbéèrè 5 péré ni. Tí wọ́n bá bi yín pé kí lẹ fẹ́ ṣe sí i, ẹ ní fọ́múlà Spearman àti Brown, 1910, sọ pé tẹ́ ẹ bá fi 5 míì tó dáa bíi wọn kún un, á tó 0.73. Ìdáhùn nìyẹn, ó sì jẹ́ òótọ́. Ẹ gbé owó yín dání, ẹ lọ sùn.