Ẹ má wo ojú nìkan: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú wíwo àwòrán pẹ́ńsùlù nípa ìgbé ayé mẹ̀kúnnù

“Ó jọ fótò!” Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn bí wọ́n bá rí àwòrán pẹ́ńsùlù tó dára, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń wá fótò kò ní gbádùn iṣẹ́ tí ayàwòrán Vincent van Gogh ṣe ní ìlú Hague, ní Netherlands, láti ìparí 1881 títí di oṣù kẹsàn-án 1883. Pẹ́ńsùlù ńlá tí àwọn káfíńtà ń lò ló sábà máa ń mú, ìlà rẹ̀ nípọn, ó sì rí ṣákiṣàki. Lára àwọn tó sì ń yà ni àwọn tó sún mọ́ ọn: Sien Hoornik tó ń bá a gbé, ìyá Sien, ọmọ Sien obìnrin, àti ìkókó tí Sien bí ní oṣù keje 1882.

Àṣìṣe tó burú jù ni kéèyàn máa wá ojú kiri. Lára mẹ̀kúnnù, ọwọ́, ẹ̀yìn àti èjìká ni iṣẹ́ ti máa ń hàn. Ẹ wo àwòrán Van Gogh tí wọ́n mọ̀ sí Worn Out (ìyẹn “Ó ti rẹ̀ ẹ́ tán”), ti oṣù kọkànlá 1882: bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga, ó fi ìgúnpá ti orúnkún, ó gbórí lé ọwọ́ méjèèjì. Ojú rẹ̀ kò hàn rárá. Ẹ kọ́kọ́ dúró ní nǹkan bíi mítà 2 kí ẹ rí bí ara rẹ̀ ṣe tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sún mọ́ ọn dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ wo orí pípá rẹ̀, aṣọ tí wọ́n ti lẹ̀, àti ibi tí pẹ́ńsùlù ti tẹ bébà jù. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń wò ó, ẹ ṣàyẹ̀wò ìwọ̀n rẹ̀; gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì mítà, fóònù á sì sọ ọ́ di nǹkan kékeré.

Ẹ má rò pé ojú ẹsẹ̀ ni ayàwòrán rí gbogbo rẹ̀ tó sì yà á. Nígbà tí Van Gogh fẹ́ ya ibi tí wọ́n ti ń pín ọbẹ̀ fún tálákà ní 1883, yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ló tún ṣe kó lè rí bẹ́ẹ̀, ó wá ní kí ìdílé Sien dúró síbẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Bó ṣe to àwọn èèyàn náà jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi tò wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àánú náà máa ń dí èèyàn lójú. Kí ẹ tó ní “ó ṣe mí láàánú”, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ilé náà: ibùsùn ọmọ, ìkòkò, sítóòfù, bàtà.

Ọ̀rọ̀ iná gba àkíyèsí. Dúdú pẹ́ńsùlù máa ń dán. Bí iná bá wà níwájú rẹ̀ gan-an, ibi tó dúdú jù á máa tàn, ẹ ó sì rò pé àwòrán náà ti ṣá. Ẹ jẹ́ kí iná ti ẹ̀gbẹ́ wá. Van Gogh fúnra rẹ̀ kò fẹ́ dídán yẹn, mílíìkì ló máa ń dà sórí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bébà líle kí dúdú rẹ̀ lè jinlẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè jọ èédú lójú àwọn kan. Ẹ má dán mílíìkì wò lórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o, ṣe ni bébà náà yóò ká kò.

Fún àwòrán tí ẹ rà sílé, ẹ má fọwọ́ kàn án, òógùn á rá dúdú rẹ̀. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn ń bọ́ sí: pẹ́ńsùlù kì í ṣá, bébà ló máa ń pọ́n. Ẹ má jẹ́ kí gíláàsì fírémù kàn án, páálí tí wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ ni kó là wọ́n láàárín. Bí ẹni tó ń ṣe fírémù bá sì fẹ́ fi pákó pẹlẹbẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́, torí ásíìdì inú pákó ló máa ń sọ bébà di àwọ̀ ilẹ̀.