Bí ẹ ṣe lè ka ewì Keats lórí ìgbà ìkórè

“To Autumn” (“Sí Ìgbà Ìkórè”) ni mo fi máa ń kọ́ni, ewì tí John Keats kọ ní Winchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù kẹsàn-án ọdún 1819. Ẹ kọ́kọ́ kà á sókè. Ẹ má tíì wá ìtumọ̀ kankan.

Ẹsẹ mẹ́ta ni, ìlà 11 ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Etí á ti rò pé ẹsẹ fẹ́ parí, ìlà kan á tún yọjú: ìgbà náà kò fẹ́ lọ.

Ẹsẹ kejì ni kí ẹ pẹ́ sí. Ìgbà ìkórè ti di ènìyàn níbẹ̀: ó jókòó nínú àká, atẹ́gùn ń gbé irun rẹ̀; ó sùn lọ lórí aporo tí wọn ò tíì kórè tán, dòjé rẹ̀ sì dá àwọn òdòdó tó kù sí. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ló dé tí dòjé fi dúró?

Ẹsẹ kẹta, etí ló níṣẹ́. Keats kò dárúkọ ìgbà òtútù rárá, àmọ́ àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ẹyẹ tó máa ń fò lọ kí òtútù tó dé, ti ń kóra jọ.

Ẹ wá “èmi” nínú ewì náà, ẹ ò ní rí i. Ọ̀rọ̀ ikọ́ ife tó pa akéwì ní 1821, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.