Báwo ni mo ṣe máa mọ irú SMB tí àwọn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ń lò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá tẹ próójẹ́ẹ̀tì wọn. Windows 10 kan ló gbé fódà tí a jọ ń lò. Láptọ́ọ̀pù Windows 11 kan, Windows 7 àtijọ́ kan àti ẹ̀rọ fọ́tókọpì tó ń ṣe skáànù ló ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra fún irú àtijọ́ SMB, ìyẹn èdè tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ìdáhùn: O káre, àbúrò. Iṣẹ́ ọmọ olọ́mọ ló wà nínú fódà yẹn, ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n. Bẹ̀rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù. Kọ́kọ́ ṣí fáìlì kan nínú fódà náà, lẹ́yìn náà fi "Run as administrator" ṣí PowerShell, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kí o tẹ:

Get-SmbConnection

Wo abẹ́ Dialect, ibẹ̀ ló ń fi irú SMB tí wọ́n ń lò hàn. Láàárín Windows 11 àti Windows 10, 3.1.1 ló yẹ kí o bá níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbé nǹkan kan jáde.

Ìdáhùn: Kò sí ìsopọ̀ kankan lásìkò yẹn ni. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí kọ̀ǹpútà tó gbé fódà kú, ìsopọ̀ ti já nìyẹn. Tún fódà ṣí, kí o tún un tẹ̀. Tó bá jẹ́ "Access is denied" lo rí, o ò fi administrator ṣí i.

Ìbéèrè: Windows 7 kò mọ àṣẹ yẹn rárá.

Ìdáhùn: Kò lè mọ̀ ọ́n, láti Windows 8 ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ sórí Windows 10, wàá rí gbogbo àwọn tó wọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà:

Get-SmbSession | Select-Object ClientComputerName, Dialect

2.1 ni Windows 7 máa fi hàn, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà méjèèjì tó fẹ́ sopọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè, wọ́n á wá mú èyí tó ga jù nínú ohun tí àwọn méjèèjì gbọ́, bí ará Ìkẹ́rẹ́ àti ará Ìjẹ̀bú ṣe máa ń wá Yorùbá tó yé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n láti 3.0 ni SMB ti lè fi àṣírí bo fáìlì lójú ọ̀nà, 2.1 kò lè ṣe é. Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò fún Windows 7 dúró láti oṣù Kìíní ọdún 2020. Bí owó bá ti wọlé, pààrọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ fọ́tókọpì ń fi 1.5 hàn.

Ìdáhùn: Èyí gan-an ló ń kọ mí lóminú. SMB1 nìyẹn. Ihò tó wà nínú rẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, tó sì ń béèrè owó. Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù Kẹta ọdún náà. Àwọn tí kò fi í sórí kọ̀ǹpútà wọn ló jìyà rẹ̀ jù.

Wo inú sẹ́tìn ẹ̀rọ náà bóyá SMB2 wà níbẹ̀, tàbí kí o ní kí ẹni tó ń tún un ṣe bá ọ fi firmware tuntun, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ náà, sí i. Bí kò bá ṣeé ṣe, jẹ́ kó máa fi skáànù ránṣẹ́ sí ímeèlì tàbí sórí fláàṣì. Kí o tó pa SMB1 lórí Windows 10, wò ó bóyá nǹkan mìíràn ṣì ń lò ó:

Set-SmbServerConfiguration -AuditSmb1Access $true

Fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí o wá wo Audit lábẹ́ SMBServer nínú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí. Nọ́ńbà 3000 ni kí o wá, òun ló ń fi hàn pé nǹkan kan ṣì ń lo SMB1. Bí o kò bá rí i mọ́, pa á:

Set-SmbServerConfiguration -EnableSMB1Protocol $false